Ìlà Pupa Lára Bóòtù

Wọ́n máa ń sọ pé bó ti wù kí irọ́ yára tó, òtítọ́ á lé e bá lọ́jọ́ kan. Tèmi kò lé mi bá. Èmi fúnra mi ni mo jókòó dè é, nítorí sísá ti sú mi. Bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bóòtù kan wà lórí tábìlì níwájú mi, ó gùn tó ìka àárín mi, ó nípọn tó àtàǹpàkò, àmì ìlà pupa kan sì wà ní orí rẹ̀. Ẹni tó bá rí i á ní irin lásán ni. Irin yìí ló ba ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ́, òun ló tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká kó tó wáyé, òun ló sì sọ mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò fọkàn tán di ẹni tó ń bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i? Mo tún ti ń ti ẹ̀bi sórí irin. Irin ò mọ nǹkan kan. Èmi ni mo ṣe é, èmi ni mo bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí n tó tún rí ọgbọ́n tí n ó fi yí i po.

Láti kékeré ni nǹkan tí kò bá yé mi kì í jẹ́ kí n sinmi. Bí ẹnikẹ́ni bá pa àlọ́ fún mi tó sì lọ láì sọ ìtumọ̀ rẹ̀, oúnjẹ ò ní dùn lẹ́nu mi títí n ó fi já a. Mo tú aago ara ògiri wa palẹ̀ kí n lè mọ ohun tó ń lé ọwọ́ rẹ̀ kiri, mo tú rédíò, mo tú ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá wa. Ìyá wa máa ń ní, "Ọjọ́ kan ni ọmọ yìí á tú èmi náà palẹ̀ kó lè rí ohun tó ń mú mi mí." Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Oríyìn ni mo kà á sí nígbà yẹn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí ni bóyá gbogbo ohun tí mo ń tú ni mo ń tò padà bó ṣe wà. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ físíìsì ní yunifásítì, tí mo ń wáṣẹ́ kiri, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi yìí ni mo ń gbé. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n ń pè sí àwọn abúlé orí òkè, níbi tí ọ̀nà ti jẹ́ kìkì àpáta àti kòtò, tí ọkọ̀ lásán kò lè gùn. Ìdí nìyẹn tó fi ní jíìpù, àgbà jíìpù gíga kan tó ti ṣiṣẹ́ sin ẹlòmíràn kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èèyàn ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kó tó jókòó sínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó máa ń kí i láàárọ̀ bí ẹni ń kí àgbàlagbà.

Mẹkáníìkì tó ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Onílà. Kì í ṣe pé ó kọlà sójú o. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ. Bó bá ti fi sípánà gígùn de bóòtù kan tán, tó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ títí tí irin fi kérora, á mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, á tì í bọ inú ọ̀dà pupa, á fa ìlà kan ṣoṣo láti ẹnu bóòtù kọjá lórí nọ́ọ̀tì títí dé ara irin tí nọ́ọ̀tì jókòó lé. Bí bóòtù tàbí nọ́ọ̀tì bá yí pẹ́nrẹ́n, ìlà á já, apá kan ò ní kojú èkejì mọ́. Nítorí náà kò ní láti fọwọ́ kan nǹkan kan kó tó mọ ohun tó ti tú. Á kàn sùn sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, á wo àwọn ìlà rẹ̀, á sì dìde. "Bí ìlà mi bá dúró, bóòtù dúró," ló máa ń wí. Onílà yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ́. Wọn kì í sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lójú wa, ṣùgbọ́n bí jíìpù bá wọ gáréèjì láàárọ̀, kì í jáde kí ilẹ̀ tó fẹ́ ṣú, bí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lára rẹ̀ kò tiẹ̀ ju kí wọ́n bu omi sí i lọ.

Ariwo kan ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi ti òkè dé, ó ní òun ń gbọ́ nǹkan lápá ọ̀tún níwájú. Bí táyà ibẹ̀ bá jìn sí kòtò, á dún "kó", ẹ̀ẹ̀kan péré, bí ìgbà tí ẹnìkan bá kanlẹ̀kùn tó sì sá lọ. Onílà wọ ọkọ̀ tì í, wọ́n gun òkè, kò dún. Èmi náà wọ̀ ọ́ tì í, kò dún. Bó bá ti ku òun nìkan nínú ọkọ̀, ó di "kó". Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ariwo yìí nítìjú. Ó mọ̀ pé àlejò wà nínú ọkọ̀." Onílà ní rárá, ṣọ́ọ̀kì tó ń gbà jìgìjìgì ọ̀nà mọ́ra ló ti kú. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó fa ìlà. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní, "Ó kí ẹ o. Kó." Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Onílà wò mí, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ìwọ ńkọ́? Ó yẹ kí ìwé tó o kà tó o fi ń wọ awò ojú yìí lè gbọ́ nǹkan." Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi láyè, n ó wá a rí kó tó di pé ẹ̀yin rí i." Ó ní bí mo bá rí i ṣáájú òun, òun á máa pè mí ní Ọ̀gá lójú gbogbo gáréèjì. Ó wá na ìka sí mi. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Tó o bá fẹ́ tẹ́tí, tẹ́tí. Tó o bá fẹ́ wò, wò. Má fọwọ́ kan bóòtù mi." Mo ní mo ti gbọ́.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ẹni tí kò gbọ́ ṣì ní àwáwí. Mo gbé ọ̀rọ̀ ariwo náà sórí bí ẹni gbé omi gbígbóná. Mo ro ó pé, kí ló dé tí ariwo náà fi ń dákẹ́ bí ẹnìkejì bá jókòó síwájú? Ìwúwo ni. Ìwúwo ẹni náà ń tẹ apá ọ̀tún ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ohun tó ń mì níbẹ̀ á wá dúró. Kí ló lè mì níbẹ̀? Apá irin tó di táyà mú nísàlẹ̀, ní ibi tí bóòtù ńlá kan ti so ó mọ́ ara ọkọ̀, tí rọ́bà yí i ká. Ó dá mi lójú bí ọ̀sán. Ohun tó kù ni kí n tú bóòtù yẹn díẹ̀, kí n dá nìkan wa ọkọ̀ náà kọjá lórí gegele. Bí ariwo bá pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni. Ẹ ẹ̀ rí bí ó ṣe mọ́gbọ́n dání tó? Gbogbo ohun tó pa wá nínú ọ̀rọ̀ yìí ló mọ́gbọ́n dání.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu iṣẹ́, jíìpù wà lẹ́yìnkùlé. Mo tẹ́ páálí sílẹ̀, mo wọ abẹ́ ọkọ̀. Sípánà gígùn wà ní gáréèjì, kúkúrú ni mo ní, mo sì ní láti máa fi ẹsẹ̀ ta á kí bóòtù tó gbà. Ìlà pupa Onílà já. Mo rí i bó ṣe já, apá kan lọ sókè, apá kan dúró. Mo wa ọkọ̀ náà yí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ká. Ó dún "kó", bákan náà ló ṣe dún tẹ́lẹ̀, kò pọ̀ sí i, kò dín. Ibẹ̀ kọ́. Mo ti ṣìnà. Mo padà sábẹ́ ọkọ̀, mo fi sípánà kúkúrú yẹn dè é padà títí tí ọwọ́ mi fi ń ro mí, mo sì sọ fún ara mi pé ó ti le tó. Kò le tó. Ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì mọ ohun tí gígùn sípánà ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo lè fi ìṣirò hàn yín lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn kì í ṣe bóòtù mọ́, ìlà ni. Bí Onílà bá rí ìlà tó já, á mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án, á sì tún mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án lásán. Mo fetí inú gbọ́ bí á ṣe máa sọ ọ́ ní gáréèjì: "Ọ̀gá Ọ̀mọ̀wé tú u, kò bá nǹkan kan níbẹ̀." Mo fi ọbẹ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò. N ò ní ọ̀dà pupa. Mo wọ yàrá ẹ̀gbọ́n mi. Kì í kun èékánná ọwọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa ń kùn lọ́jọ́ ìsinmi, ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí rẹ̀. Mo mú un lọ sábẹ́ ọkọ̀, mo sì fa ìlà náà. Ó gún régé. Mo tilẹ̀ fi eruku díẹ̀ pa á kó lè dà bí ìlà tó ti pẹ́. Mo yọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ mi, kí Ọlọ́run má ṣe ka ayọ̀ yẹn sí mi lọ́rùn.

Èrò mi ni pé n ó yá sípánà gígùn ní ọjọ́ kejì, n ó dè é dáadáa, ọ̀rọ̀ á parí. Ọ̀la tí kò dé. Kí ọjọ́ náà tó lọ ni ẹ̀gbọ́n mi sáré wọlé, tó ń wá báàgì rẹ̀ tó fi ń gbẹ̀bí. Omi obìnrin kan ti dà lórí òkè, oyún àkọ́kọ́, wọ́n ti ń pè é lórí fóònù léraléra. Onílà tẹ̀lé e wọlé, nítorí kì í jẹ́ kó gun òkè láì wo abẹ́ ọkọ̀. Ó sùn sílẹ̀ lórí páálí tí èmi fúnra mi tẹ́, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó wo ìlà kan, ó wo èkejì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀ tó yọ síta. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀: "Gbogbo wọn dúró. Máa lọ, ìyàwó mi, kó o sì máa bọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ọkọ̀, ó ní, "N ò tíì di ìyàwó ẹ o, má fi ẹnu gbé mi níyàwó." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ tó o ti ń yí i ká láti ọjọ́ yìí, ṣé ó dáa?" Ẹnu mi là. Mo rántí pé ó là. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi, kò gùn, ọmọdé lè sọ ọ́: Àǹtí, ẹ dúró, mo tú bóòtù kan. Ohun tó jáde ni, "Ó dáa, Àǹtí. Ẹ rọra." Ìtìjú tí kò tó nǹkan, tí à bá rẹ́rìn-ín sí fún ọjọ́ mélòó kan kó sì tán, òun ni mo sá fún, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì fi san owó rẹ̀.

Jíìpù náà gun òkè láyọ̀. Nígbà tó fẹ́ bọ́ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni bóòtù jáde tán, apá irin bọ́ kúrò nípò rẹ̀, táyà ká sábẹ́ ọkọ̀, ọkọ̀ sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sára àpáta. Fèrèsé apá ọ̀tún ṣí, ẹ̀gbọ́n mi ré lọ síbẹ̀ láti ìdí ọkọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì há sáàárín fèrèsé àti àpáta. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ló yọ ọ́. Obìnrin tó ń lọ gbẹ̀bí fún ti bímọ wẹ́rẹ́ sọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ pé jàǹbá ṣẹlẹ̀. Èmi àti Onílà bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ gbé jíìpù náà lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti sùn sí ilé ìwòsàn mọ́jú. Onílà wólẹ̀ sínú eruku, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wá bóòtù kiri. "Kó sáà ti hàn," ló ń wí. "Kí n sáà ti rí ìlà mi lára ẹ̀." Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, lókè díẹ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ti ṣubú, ó ń dán lẹ́bàá koríko. Mo gbé ẹsẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ bí ẹni fẹ́ so okùn bàtà, ó sì di inú àpò mi. Mo bá a wá nǹkan tó wà lápò mi títí oòrùn fi wọ̀ mí lára. Nígbà tí wọ́n wá fi wáyà fa jíìpù náà sókè, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó dún: "kó." Àwa méjèèjì wo ara wa. Apá irin ti bọ́, ṣọ́ọ̀kì ti tẹ̀, táyà ò sí níbẹ̀ mọ́, kí ló kù tó ń dún? Onílà ti ọwọ́ bọ abẹ́ àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, ó fa ọ̀pá jáàkì yọ, èyí tó ti jáde kúrò níbi tí wọ́n ń fi í há sí. Bí ẹnìkan bá jókòó lórí àga, àga á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí àga bá ṣófo, á máa lu irin. Òun náà ni ariwo onítìjú yẹn. Kò lè pa èèrà. Onílà gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun, ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, ọ̀pá jáàkì. Ọ̀pá jáàkì la ti ń lé kiri o." A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kó ẹ̀tẹ̀ náà wọlé.

Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, bóyá ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá ní ìdáríjì. Ohun tó burú jù ṣì ń bọ̀. Àbúrò bàbá wa pe gbogbo ẹbí jọ sí pálọ̀, ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àga onítìmùtìmù, wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọrùn, ìyá wa jókòó tì í. Onílà dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọn ò tíì fún ní ìjókòó. Àbúrò bàbá wa ní, "A ò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Ọkọ̀ kì í kàn dédé tú. Ìwọ tó o kàwé rẹ̀, ṣàlàyé fún wa." Èmi ni wọ́n bi. Onílà ti ṣáájú mi sọ̀rọ̀: "Mo dè é, Bàbá. Mo fa ìlà. Mo wò ó lọ́jọ́ yẹn gan-an, ìlà dúró. Tí wọ́n bá rí bóòtù yẹn, ìlà mi á wà lára ẹ̀." Bóòtù náà wà nínú àpò ṣòkòtò mi. Ó ti móoru tó itan mi. Mo dìde, mo ya àwòrán sẹ́yìn kàlẹ́ńdà kan, mo ṣàlàyé bí bóòtù tí wọ́n dè dáadáa kò ṣe lè tú lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Ẹ kíyè sí irú irọ́ tí mo pa: n ò sọ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe òótọ́. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ìlà kì í de bóòtù. Èèyàn lè fa ìlà lé ohun tí kò tíì dè tán." Ó ní, "N ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Mo ní, "Ọjọ́ tí ẹ dè é, ṣé ẹ rántí pé Àǹtí pè yín pé oúnjẹ ti délẹ̀? Ẹ wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Ṣé ẹ ti dè é tán kí ẹ tó dìde?" Onílà wo ọwọ́ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ó tún yí i. Ó ṣe tìfẹ́tìfẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó rántí ẹ̀rín, kò rántí sípánà. Ta ní ń rántí ohun tó ṣe lẹ́ẹ̀gbẹ̀rún ìgbà? Ó ní, "Mo rò pé... mo rò pé mo ti dè é." Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ní pálọ̀ tiwa, ìka tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n gé, ìka tó ṣẹ̀ ló ń tọ́ka.

Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo. Ó ní, "Pé o gbàgbé, n ò bínú sí i. Èèyàn ni ẹ́. Ṣùgbọ́n mo bi ẹ́, o sì ní kí n máa lọ, o ní gbogbo wọn dúró." Onílà ní, "Ohun tí mo rí ni mo sọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ìlà tó o fà ni o rí. Máa lọ." Onílà ń wò mí bó ṣe ń jáde, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o. Ó wò mí bí ẹni ń dúpẹ́ pé mo ràn án lọ́wọ́ láti rántí.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi san, àmọ́ àwọn ìka rẹ̀ kò pàdé mọ́. Wọn kì í gbẹ̀bí pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú. Wọ́n gbé e kúrò ní yàrá ìrọbí lọ síbi tó ti ń pe orúkọ àwọn aláìsàn. Lọ́jọ́ ìsinmi kan ó ní kí n wá bá òun kun èékánná ẹsẹ̀, nítorí ọwọ́ òsì òun ń gbọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ní, "Ta ló ń bá mi lo kútẹ́ẹ̀sì yìí? Àbí èkúté ti ń kun èékánná báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà kun ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní ọwọ́ mi dúró dáadáa, pé ó yẹ kí n ti ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo ríṣẹ́ sí ìlú mìíràn, mo lọ, ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo padà wá kí ìyá wa láìpẹ́ yìí, táyà mi jò lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń lẹ táyà níbẹ̀ ni Onílà. Ó ti fi iṣẹ́ mẹkáníìkì sílẹ̀. Àwọn tó jókòó níbẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀ pé kò tún lè de nǹkan kí ó sì fi sílẹ̀ mọ́, pé á dè é, á rìn díẹ̀, á padà wá tún un dè, títí tí bóòtù fi ń kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tún-un-Dè. Ó kí mi tọ̀yàyà, ó bi mí léèrè ẹ̀gbọ́n mi, ó fi ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ hàn mí lórí fóònù. Ó lẹ táyà mi, ó gbé e wọ̀, ó fi ọwọ́ yí àwọn nọ́ọ̀tì náà wọlé. Lẹ́yìn náà ló na sípánà sí mi. "Ọ̀mọ̀wé, bá mi dè é. Ọwọ́ tìẹ ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé."

Mo dè é. Mo wakọ̀ dé ilé ìyá wa, n ò lè jẹun. Lọ́jọ́ kejì mo mú bóòtù náà lọ bá a, láti inú ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi ń gbé e kiri nínú báàgì mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ó gba bóòtù, ó fi èékánná ha ìlà rẹ̀, ó sì ń ṣí bí èèpo. Ó ní, "Ọ̀dà mi kì í ṣí báyìí." Ó gbé e sí imú, bí ẹni pé òórùn lè kù sí i. Mo ní, "Kútẹ́ẹ̀sì Àǹtí ni." Ó jókòó sórí táyà kan. "Ìlà yìí gún o," ló ní. "Tó bá ti wọ́, ǹ bá rí i." Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ síbi ọkọ̀ oníbàárà kan tó ń dúró, ó de àwọn nọ́ọ̀tì táyà rẹ̀ yí ká, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi sípánà sílẹ̀. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Kò padà síbẹ̀. Ó wá fi bóòtù náà sí mi lọ́wọ́. "Ọwọ́ tèmi lo dá padà fún mi lónìí yìí. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

Mo lọ bá a. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí pálọ̀, lórí àga kan náà, bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán láì gbójú kúrò lára mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ìgbà tó ò ń kun ẹsẹ̀ mi, o mọ̀?" Mo ní mo mọ̀. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ abẹ́ àga, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí nǹkan fẹ́ bù jẹ. Láti ìgbà náà ìyá wa ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín wa. Òun ló wá jíṣẹ́ fún mi: "Ẹ̀gbọ́n rẹ ní lójú èèyàn lo ti sọ tàkọ́kọ́, pé lójú èèyàn ni kó o ti sọ èyí náà." Ohun tí mo ń ṣe nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí orí yín pé bíi tèmi, tí nǹkan tí kò yé yín kì í jẹ́ kí ẹ sùn, n ò ní kí ẹ má tú nǹkan. Bí ẹ bá tú u, ẹ sọ pé ẹ tú u. Ẹ sọ ọ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ohun tí wọ́n lè fi yín rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Onílà, gbogbo ẹni tó ń pè yín ní Tún-un-Dè, kí wọ́n gbọ́ o: ẹ ti dè é. Ẹ dè é dáadáa lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu yín, kí ẹ tó dìde lọ jẹun. Àǹtí, mo ń tọrọ ìdáríjì, ṣùgbọ́n n ò ní wá kúnlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ yín mọ́ àfi tí ẹ bá pè mí. Ní ti bóòtù yìí, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí yín. N ò ní nù ún, n ò sì ní tún ìlà ara rẹ̀ ṣe.